Bí "Kò Sọnù Sọ́wọ́ Mi" Ṣe Dé Ipò Kìíní

Ẹni tó bá gbé Àkúrẹ́ ní ọdún méjì-mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ yóò rántí bí ilé ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Ìbàdàn ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti kó wá, tàwọn ti fáìlì, tábìlì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí ibi tí ìyàwó àti ọmọ lè gbé. Ọkùnrin mẹ́ta lè máa sùn nínú yàrá kan. Ìparí oṣù ni wọ́n ń lọ wo ẹbí wọn ní Ìbàdàn. Tí ọ́fíìsì bá ti tì ní ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹni tó ń retí wọn nílé, ilé ọtí ni wọ́n ń gbà lọ tààrà.

Èmi náà wà lára wọn. Jíbọ́lá ni orúkọ mi. Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ni mò ń tọ́jú ní ilé iṣẹ́ rédíò nígbà náà. Ilé ọtí Àǹtí Modúpẹ́ ní àdúgbò Ìjọ̀kà ni mo ti mọ Agnes Akínsànyà, àárín ọdún 1978 ni. Òun ló ń gbé ọtí fún wa, òun ló sì ń fọ ife. Ó ga, ó pupa díẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí o bá bá a ṣàwàdà, á rẹ́rìn-ín, á sì kọjá lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló dánrawò lára rẹ̀, kò sí ẹni tó rí nǹkan kan gbà ju ọtí tó sanwó rẹ̀ lọ.

Ọmọ Oǹdó ni. Bàbá rẹ̀ jẹ́ òǹkàwé ìjọ àti olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan níbẹ̀. Láti kékeré ni bàbá yìí ti ń to àwọn ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí á máa fi ọ̀pá tọ́ka sí dò-rè-mí lára pátákó dúdú, ẹni tó bá ṣi ohùn kò ní jẹun àárọ̀ títí yóò fi rí i. Agnes ló ń tètè rí i. Nígbà tó di ọmọ ogún ọdún, wọ́n fà á fún ọkùnrin kan tó ń ra kòkó. Ọkùnrin náà lówó lọ́wọ́, ó sì máa ń lù ú. Ìgbà mẹ́ta ni Agnes sá wá sílé, ìgbà mẹ́ta ni bàbá rẹ̀ ní kó padà. Ìgbà kẹrin, kò dé ilé bàbá mọ́. Ó wọ ọkọ̀ ní gáréèjì, Àkúrẹ́ ló sọ̀ sí. Láti ọjọ́ náà, ọdún mẹ́rin gbáko, bàbá àti ọmọ kò rí ara wọn, wọn kò sì kọ lẹ́tà síra wọn.

Ní ọjọ́ Jímọ́ àti Sátidé, ẹgbẹ́ olórin kan máa ń ṣeré ní ilé Àǹtí Modúpẹ́. Ọláwuyì ni olórí wọn, ọmọ Ìta-Ògbólú, tó ń ya àwòrán ilé ní ilé iṣẹ́ ìjọba. Òun ló ń ta gìtá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń ta agídìgbo ńlá kan, torí wọn kò ní gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, ẹnì kejì ń lu ìlù. Orin káńtírì nìkan ni wọ́n ń kọ, ìyẹn orin àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tó máa ń dá lórí ọtí, ọkọ̀ àkẹ́rù àti obìnrin tó ti lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, láti inú imú. Ọláwuyì ti gé ọrùn ìgò bíà kan, ó fi òkúta rin ẹnu rẹ̀ títí tó fi jọ̀lọ̀. Tó bá ti kì í bọ ìka, tó sì fà á lórí okùn gìtá, gìtá á máa sunkún bí ènìyàn. Ìgbà yẹn ni mo máa ń rí Agnes tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi, tí ife tó ń nù á dákẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án ni ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Oyèlékè dé. Oyèlékè yìí jẹ́ akọ̀wé àgbà ní ilé iṣẹ́ ìjọba, ó sì ti sọ fún gbogbo wa pé òun kò tíì ní ìyàwó. Aago márùn-ún kò tíì kọjá dáadáa. Obìnrin náà bọ́ sílẹ̀ nínú takisí, báàgì ìrìn-àjò ṣì wà léjìká rẹ̀. Ó wo inú ilé ọtí yíká.

"Ta ni wọ́n ń pè ní Agnes níbí?"

"Èmi ni, mà," ni Agnes wí, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ láti kí i.

Àbàrá tó tẹ̀ lé e, àwa tó wà lẹ́yìn pátápátá gbọ́ ọ. Àtẹ ìgò tí Agnes gbé bọ́, ìgò mẹ́rin fọ́. "Ìwọ lo gba ọkọ mi! Oṣù mẹ́ta, kò wálé! Wọ́n ní ọ̀dọ̀ Agnes ló ń lo gbogbo ìrọ̀lẹ́ rẹ̀!"

Ọ̀gbẹ́ni Oyèlékè ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Àǹtí Modúpẹ́ sáré jáde láti ilé ìdáná, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé ni, ó ń pariwo pé, "Ulé mi rè é o! Ẹnì kan kò gbọdọ̀ na ọmọ mi nínú ulé mi!" Ó ti ká aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó fẹ́ jà. Agnes ló dì í mú. Ó wá yíjú sí àlejò náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti pọ́n, ó sì rọra sọ̀rọ̀ débi pé a ní láti fetí sílẹ̀.

"Mà, ìgò ni mò ń gbé fún wọn. Ọkọ yín kò sọnù sọ́wọ́ mi."

Obìnrin náà wò ó. Ó ṣe bíi pé ó fẹ́ tún gbá a, ṣùgbọ́n ṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Agnes fa àga fún un, ó lọ bu omi wá. Obìnrin náà mu omi náà tán, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì lọ láìdúpẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Ìjọ̀kà ti gbọ́ pé wọ́n gbá Agnes létí nítorí ọkọ ọlọ́kọ. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn. Ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan ọkọ ẹnikẹ́ni di ẹni tí àwọn obìnrin ń wò lójú burúkú nígbà tó bá ń lọ sọ́jà.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá. Ní ọ̀sán Tusidé, mo wà níbẹ̀, mò ń tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn ṣe, nígbà tí Agnes mú páálí bíà kan tó ti ya wá bá Ọláwuyì. Ó ti kọ nǹkan sí i lára pẹ̀lú bírò.

"Bọ̀dá Ọláwuyì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá ohùn gìtá tó máa bá èyí lọ."

Ọláwuyì wo páálí náà, ó rẹ́rìn-ín. "Káńtírì lédè Yorùbá? Agnes, ta ló fẹ́ gbọ́ ọ?"

Agnes kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ níbi tó dúró sí, tó ti so aṣọ ìdáná mọ́dìí:

*Ìyàwó ilé, ẹ gbọ́ tẹnu mi,
Ọkọ yín kò sọnù sọ́wọ́ mi.
Ìgò ni mo gbé fún un, n kò gbé ọkàn mi,
Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi ló ti sọnù.*

*Ó bọ́ òrùka sápò kó tó wọlé,
Ó ní òun kò láya, ó ní òun kò bímọ.
Ẹ bi ẹni tó parọ́ fún àwa méjèèjì,
Ẹ má bi ẹni tó ń fọ ife.*

Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Ọláwuyì. Mo mọ ohun tó yà á lẹ́nu, torí ó yà mí lẹ́nu náà. Àwọn tó ti gbìyànjú láti fi Yorùbá sínú ohùn òyìnbó tẹ́lẹ̀, ṣe ni wọ́n máa ń pa ọ̀rọ̀ lára: ọkọ á di ọkọ̀, igbá á di ìgbà. Agnes kò ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti lọ sókè ni orin rẹ̀ ń lọ sókè, níbi tó bá ti wálẹ̀ ló ń wálẹ̀, síbẹ̀ káńtírì ni, ó ń fà, ó ń dun ni. Ọláwuyì na ọwọ́ mú gìtá rẹ̀, ó ki ọrùn ìgò bọ ìka. "Tún un kọ," ló wí.

Ní ọjọ́ Jímọ́ tó tẹ̀ lé e, ó bọ́ aṣọ ìdáná sílẹ̀, ó sì kọ ọ́ níwájú gbogbo wa. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ọ̀gbẹ́ni kan láti ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó kù ju ìdajì lọ nínú rẹ̀, ó ní òun ń lọ kọ lẹ́tà sí ìyàwó òun. Ìgbà tó jáde tán ni ilé wá bú sí àtẹ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n mú un kọ ọ́.

Mo lọ bá ọ̀gá mi ní rédíò pé kí wọ́n jẹ́ ká gba orin yìí sílẹ̀ nínú yàrá wa. Ó kọ̀ jálẹ̀. "Jíbọ́lá, rédíò ìjọba kọ́ ni ibi orin ilé ọtí." Mo bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà kí n mú ẹ̀rọ ògbólógbòó kan tí wọ́n ti pa tì, tí mo ti fọwọ́ ara mi tún ṣe, lọ lò níbikíbi tó bá wù mí ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó kù kí a rí ẹni tó máa tẹ àwo. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì kékeré kan tí mo fi gba orin náà lọ bá Pa Adébùsóyè ní Oǹdó. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Yábà níbẹ̀ ni gbogbo ìlú ti ń ra àwo, ó sì máa ń gbé àwo tirẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dijú, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Níbo lẹ ti rí obìnrin yìí?"

"Àkúrẹ́ ló wà, bàbá, ṣùgbọ́n ọmọ Oǹdó ni."

"Ẹ mú un wá ní Sátidé. Mo máa gba gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan fún yín. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, kì í dún padà."

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Agnes, inú rẹ̀ dùn títí tó fi gbọ́ orúkọ ìlú náà. Ó jókòó. "Oǹdó, Bọ̀dá Jíbọ́lá? Ṣé kò sí ibòmíràn ni?" Mo ní kò sí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa. Kì í ṣe pé mo jí nǹkan ẹnikẹ́ni níbẹ̀."

A gbéra ní àárọ̀ Sátidé náà nínú ọkọ̀ akérò, ẹ̀rọ wà lórí itan mi, agídìgbo wà láàárín ẹsẹ̀ onílù. Nígbà tí a dé gbọ̀ngàn náà, Pa Adébùsóyè dúró níwájú ilẹ̀kùn tó wà ní títì. "Ẹ má bínú, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ń bọ̀ báyìí. Òǹkàwé ìjọ ni, kì í pẹ́." Mo rí i tí ojú Agnes yí padà, ṣùgbọ́n n kò mọ ìdí rẹ̀ títí bàbá àgbà kan fi yọ láti ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń rìn gbọnrangandan, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ó súnmọ́ wa. Ó dúró.

Agnes ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, bàbá mi."

Pa Adébùsóyè wo bàbá, ó wo ọmọ, ó ya ẹnu. Kò mọ̀ rárá pé bàbá àti ọmọ ni wọ́n. Bàbá Akínsànyà wo orí ọmọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"O ti rù," ló wí. Ó ṣí ilẹ̀kùn náà, ó sì wọlé ṣáájú wa. Dípò kó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kó máa lọ, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn, ó gbé fìlà rẹ̀ sórí orúnkún.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ kò sì lọ. Òjò kọ́kọ́ dé, ó ń lu páànù, a dúró fún un ju wákàtí kan lọ. Nígbà tó dá, iná lọ. Nígbà tí iná dé, ọwọ́ onílù ti tutù. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn kọ́ ni ìṣòro wa. Agnes gan-an ni kò rí ohùn ara rẹ̀. Ó dúró ṣánṣán níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó so ọwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú bí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, orin náà sì ń jáde bí orin ìsìnkú. A gbà á lẹ́ẹ̀mẹfà. Mo ń wo tẹ́ẹ̀pù tó ń tán lọ.

"Kí ló dé?" ni mo bi í.

"N kò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe," ló wí. "Tí mo bá ń kọ ọ́ nílé, ọwọ́ mi kì í ṣófo."

Ọláwuyì jáde, ó lọ yá ife gíláàsì kan lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ nítòsí, ó sì yọ áńkáṣíìfù tirẹ̀ fún Agnes. Agnes bẹ̀rẹ̀ sí í nu ife náà bó ṣe ń kọrin. Lójú ẹsẹ̀ ni ohùn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá síbi tí a mọ̀ ọ́n sí. Títí dòní, tí o bá fetí sílẹ̀ dáadáa sí àwo náà, wàá gbọ́ bí aṣọ ṣe ń dún lára gíláàsì. Ó kù díẹ̀ kó pé. Ohun kan ṣì ń já ní ìlà kejì, n kò sì mọ ohun tó jẹ́.

Bàbá Akínsànyà dìde láti ẹ̀yìn. Ó rìn wá síwájú. Mo rò pé ó fẹ́ lé wa jáde ni.

"O ń mí láàárín," ló wí fún ọmọ rẹ̀. "O wí pé 'ọkọ yín', o mí, o wá wí pé 'kò sọnù sọ́wọ́ mi'. Má gé e. Mí kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí o sì gbé e lọ dópin lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé kì í ṣe bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ó dáa. Tún un kọ. Ohun tí o sọ nínú rẹ̀..." Ó nu imú rẹ̀. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, bàbá. N kò gba ọkọ ẹnikẹ́ni."

"Mo mọ̀. Èmi ló yẹ kí n ti gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́ láti ìgbà tó o wá sílé nígbà àkọ́kọ́." Ó yíjú sí mi. "Ọ̀gá, ẹ tan ẹ̀rọ yín."

Mo tàn án. Agnes fa èémí wọnú, ìlà kejì jáde ní odidi, bí okùn tó gùn tí ẹnì kan ń fà láti inú kànga, gìtá Ọláwuyì sì ń sunkún tẹ̀ lé e. Nígbà tó parí, mo yọ tẹ́ẹ̀pù náà, mo sì kọ ọjọ́ sí i lára. Ní ọ̀sán yẹn, ilé bàbá rẹ̀ ni gbogbo wa ti jẹ iyán.

Àwo náà jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1979. Ní àkókò náà, rédíò wa ní ètò kan ní àárọ̀ Sátidé, níbi tí wọ́n ti ń ka orin mẹ́wàá tó léwájú lọ́sẹ̀ náà. Káàdì àwọn olùgbọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, pẹ̀lú ohun tí àwọn tó ń ta àwo bá sọ láti Àkúrẹ́, Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Adó-Èkìtì àti Ìkárẹ́. Ọ̀gá mi tún fẹ́ dí i lọ́nà. Ó ní àwọn ìyàwó ilé máa bínú tí wọ́n bá gbọ́ obìnrin ilé ọtí tó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Olóòtú ètò náà, tó jẹ́ obìnrin, kò bá a jiyàn. Ó kàn gbé e sórí afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní kí àwọn ìyàwó ilé fúnra wọn sọ bí inú bá bí wọn.

Káàdì tó wọlé lọ́sẹ̀ náà kún àpótí ọ̀ṣẹ kan. Inú kò bí wọn. Olùkọ́ kan kọ̀wé láti Ọ̀wọ̀ pé, "Ó ti pẹ́ tí a ti ń bá ara wa jà nítorí àwọn ọkùnrin tó ti gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ." Obìnrin kan ní Ìkárẹ́ ní òun ti fi àwo náà sórí tábìlì oúnjẹ ọkọ òun. Àwọn kan tí kò mọ̀wé kọ ní kí ọmọ wọn bá wọn kọ ọ́, o lè mọ̀ lára lẹ́tà gbàgàdà rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, orin Agnes bọ́ sí ipò kẹwàá. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó di ìkeje. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìkẹrin. Pa Adébùsóyè fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé àwo ti tán, ó ní kí àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ní Èkó máa tẹ òmíràn. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó di ìkejì, ibẹ̀ ló sì há sí. Orin olówó kan láti Èkó, tí fèrè mẹ́fà wà nínú rẹ̀, jókòó sí ipò kìíní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò fẹ́ dìde.

Nínú ọ̀sẹ̀ kẹta tó há síbẹ̀ ni káàdì kan wá láti Ìbàdàn. Èmi ni mo ṣí i. "Èmi ni Ìyáàfin Oyèlékè. Èmi ni mo gbá olórin yìí létí ní Àkúrẹ́. Ó bu omi fún mi, n kò dúpẹ́. Ẹ bá mi fi orin rẹ̀ sí ipò kìíní. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ ka èyí fún gbogbo ayé." Olóòtú fẹ́ kà á, ó mọ̀ pé irú káàdì bẹ́ẹ̀ lè gbé orin dé òkè ní ọjọ́ kan. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi han ẹni tó ni ín.

Agnes kà á lẹ́ẹ̀mejì níwájú ilé ọtí. Ó pa á pọ̀, ó fi sáyà. "Ẹ má kà á lórí afẹ́fẹ́, Bọ̀dá Jíbọ́lá. Ọ̀rọ̀ àwa méjì ni. Ojú tì í tó." Mo rán an létí pé ó lè jẹ́ káàdì yìí ló máa gbé e débi ipò kìíní. Ó ní, "Orin náà ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rìn dé ibẹ̀."

Ó rìn dé ibẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a ka káàdì lẹ́ẹ̀mejì torí ọ̀gá mi ní ká tún un kà, iye kan náà ló sì jáde. Agnes kò mọ̀. Ó ń lọ ra ata àti ẹja ní Ọjà Ọba fún Àǹtí Modúpẹ́. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ń rìn lọ ní ojú títì Ọba Adésídà, nígbà tí òun gbọ́ ohùn olóòtú láti ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan: "Ipò kìíní lọ́sẹ̀ yìí..." Kó tó gbọ́ ìyókù, gìtá ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń rìn. Ó kọjá ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, rédíò ẹni tó ń tún aago ṣe gbà á. Ó kọjá ibẹ̀, rédíò onígbàjámọ̀ gbà á. Gbogbo ojú títì náà ló ṣí sí ètò kan náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbọ́ orin ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìjá ìlà kan, tòun ti apẹ̀rẹ̀ ọjà lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ pé òun ni. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ aláta, obìnrin náà ń kọ ọ́ lẹ́nu bó ṣe ń wọn ata. "Ṣé o gbọ́ orin yẹn?" ló bi í. "Obìnrin yẹn gbà wá!" Agnes ní òun gbọ́ ọ. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, tí aláta fi bu ata kún tirẹ̀.

Orin náà lo ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ní ipò kìíní. Kò tíì sí orin kankan tó ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ètò náà. Rédíò Ìbàdàn gbé e, ti Benin gbé e. Ọ̀gá mi ní rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àlejò pé ẹ̀rọ wa la fi gbà á sílẹ̀, irọ́ kọ́. Àwọn obìnrin Ìjọ̀kà tó ń wò ó lójú burúkú tẹ́lẹ̀ ń dúró kí i lójú ọ̀nà, àwọn mìíràn mú ọmọ wọn wá kó wá wò ó. Agnes kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ife fífọ̀. Ó gba yàrá méjì ní Ọ̀bà-Ilé, ó fi ọ̀kan kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní orin kíkọ àti dò-rè-mí, bàbá rẹ̀ sì máa ń wá láti Oǹdó lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti wá wo bó ṣe ń kọ́ wọn, á sì máa bá a wí níwájú wọn.

Nínú ọdún yẹn kan náà, àwọn àgbẹ̀ Ìlú-Àbọ̀ pè é síbi ayẹyẹ ìkórè wọn. Wọ́n fi ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó kòkó ṣe pèpéle fún un ní pápá ilé ẹ̀kọ́. Èmi ni mo gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, ojú ọjọ́ mọ́ kedere, èrò kún pápá náà títí dé ẹsẹ̀ igi máńgòrò, àwọn ìyá tó pọnmọ, àwọn ọkùnrin tó ṣì di àdá mọ́dìí. Agnes gun ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ó wọ ìró àti bùbá aláwọ̀ ewé. Ọláwuyì fa ọrùn ìgò lórí okùn lẹ́ẹ̀kan péré. Agnes ya ẹnu láti bẹ̀rẹ̀.

Wọn kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Ohùn ìyàwó ilé tó lé ní ọgọ́rùn-ún méjì ti gba orin náà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n kọ ẹsẹ kìíní, wọ́n kọ ìkejì, àwọn ọkùnrin wọlé sí ègbè. Ìlà kejì, kò sí ẹni tó mí láàárín. Agnes fi ọwọ́ kan àyà, ó dúró, ó ń gbọ́ wọn, ó ń mi orí bí ẹni tó ń kọ́ orin tuntun. Nígbà tí wọ́n parí, tí ariwo àti àtẹ́wọ́ rọlẹ̀, ó súnmọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ ṣeun gan-an ni," ló wí. "Ó yá, ẹ jẹ́ kí èmi náà kọ ọ́."